Ibi Tí Odò Bá Ti Ń Sáré: Bí Máàpù Ìfọ́jú Etí Odò Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ apoògùn Merck kéde pé òun yóò máa fi oògùn Mectizan ta àwọn tí ìfọ́jú etí odò ń bá jà lọ́rẹ, iye yòówù kó jẹ́, títí di ọjọ́ tí kò ní sí ẹni tó nílò rẹ̀ mọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oògùn dé tán, ibo ni ká gbé e lọ? Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, kò sí ọ́fíìsì ìlera tó lè na ìka sí abúlé kan kó ní èyí ló yẹ ká kọ́kọ́ dé. Abúlé tó jìnnà ni àìsàn náà ti ń jà jù, àwọn tó ń fọ́ lójú kì í sábà dé ọsípítù, ìwé ọsípítù kò sì lè sọ ohun tí kò rí. Inú ìṣòro yìí ni REMO ti jáde, ìyẹn ọ̀nà kíákíá tí wọ́n fi ya máàpù àìsàn náà. Odò ni wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó wo ara èèyàn.

Amùkúrù ni ìdí abájọ. Eṣinṣin dúdú kékeré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ iké díẹ̀, ojúmọmọ ló sì ń jẹni. Kì í yé sínú ọ̀gọ̀dọ̀ bíi ti ẹ̀fọn. Omi tó ń sáré, tó ń ru gùdù láàárín àpáta, ló ń wá, torí pé ìdin rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti ewé inú omi, ìṣàn ló sì ń gbé atẹ́gùn àti oúnjẹ wá bá a. Bó bá jẹ ẹni tó ní aràn tó ń fa ìfọ́jú yìí lára, tó tún lọ jẹ ẹlòmíì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ti kó aràn ràn án. Aràn tó bá dàgbà á kó ara jọ sínú kókó lábẹ́ awọ, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa rìn kiri nínú awọ títí dé ojú. Ara á máa yúnni tọ̀sán tòru, ìnárun á yọ, ojúgun á ní àmì tótòtó bíi ti ẹkùn, ojú á sì fọ́ nígbẹ̀yìn.

Dókítà Rodolfo Robles ní Guatemala ló so kókó abẹ́ awọ pọ̀ mọ́ àìsàn ojú ní 1915. Ní 1926, Donald Blacklock fi hàn ní Sierra Leone pé amùkúrù ló ń gbé aràn náà kiri. Láti ìgbà náà ni àìsàn yìí ti ní àdírẹ́sì. Àwọn àgbẹ̀ etí odò ní tiwọn kò dúró de ìwé kankan: ní agbègbè odò Volta, wọ́n ń kó kúrò lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá, wọ́n ń lọ dáko sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ojú ọmọ wọn má baà fọ́.

Ètò OCP, tí wọ́n fi gbógun ti ìfọ́jú etí odò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló kọ́kọ́ fi ìmọ̀ yìí ṣiṣẹ́ ńlá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1974, lẹ́yìn tí Robert McNamara, ààrẹ Báńkì Àgbáyé, ti dé Upper Volta (Burkina Faso lónìí) ní 1972, tó rí àwọn afọ́jú tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà lọ. Orílẹ̀-èdè méje ló wà níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, wà lára wọn. Ẹlikọ́pítà ló ń da oògùn sódò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti pa ìdin. Omi tó bá pọ̀ fẹ́ oògùn púpọ̀, èyí tó bá fà fẹ́ díẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, wọ́n ri ẹ̀rọ sí etí odò tó ń fi ìwọ̀n omi ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Aràn àgbà lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú ara èèyàn, nítorí náà wọn ò lè fi omi sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Nàìjíríà kò sí nínú ètò náà, Kamẹrúùnù náà kò sí níbẹ̀.

Àwọn ilẹ̀ tí OCP kò dé wọ̀nyí ni ìbéèrè Mectizan le fún jù. Ọ̀nà àyẹ̀wò tó wà tẹ́lẹ̀ ni pé kí wọ́n ké awọ bíńtín níbi ìdí, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀, kí wọ́n sì ka ọmọ aràn tó bá jáde lábẹ́ awò-asọhun-kékeré-di-ńlá. Ó ń dunni, ó ń pẹ́, àwọn ará abúlé kò sì fẹ́ ẹ. Ta ni yóò ké awọ gbogbo Áfíríkà? Pierre Ngoumou àti J. F. Walsh ló kọ ìwé ìlànà tuntun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 1993. Kamẹrúùnù ni wọ́n ti dán ọ̀nà náà wò.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ rèé. Wọ́n á tẹ́ máàpù odò sílẹ̀. Ibi tí amùkúrù kò lè gbé, bí ilẹ̀ aláìlómi àti ìgboro ńlá, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tọ odò lọ, wọ́n á mú abúlé tó sún mọ́ ibi tí omi ti ń sáré jù, wọ́n á fi àlàfo sílẹ̀, wọ́n á mú òmíràn. Bí abúlé etí odò bá ní àìsàn, wọ́n á wo èyí tó jìnnà sódò díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè mọ ibi tó parí sí. Nínú abúlé, wọ́n á kí baálẹ̀, wọ́n á sì kó ọkùnrin 30 sí 50 jọ, àwọn tó ti lé lógún ọdún tí wọ́n sì ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán. Ẹnìkọ̀ọ̀kan á bọ́ṣọ síbi tó mọ́lẹ̀ tó sì ní ìbòjú. Olùyẹ̀wò á fi ìka tẹ egungun ìdí, ìhà, orúnkún àti orí rẹ̀, ó ń wá kókó. Kò sí abẹ, kò sí ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan, abúlé kan ti parí.

Bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ní kókó, agbègbè náà gbọ́dọ̀ gba oògùn. Ètò APOC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí OCP kò dé, gbé ọ̀nà yìí káàkiri orílẹ̀-èdè 20. Wọ́n wo ju abúlé 14,000 lọ, àti èèyàn tó ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ẹrù náà wúwo fún jù. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, amùkúrù wà lẹ́bàá odò Òṣun àti odò Ògùn. Lẹ́yìn máàpù ni àwọn ará abúlé fúnra wọn á yan ẹni tí yóò máa pín oògùn, tí yóò máa fi ọ̀pá wọn bí èèyàn ṣe ga tó kó lè mọ iye tó tọ́ sí i.

Ní Àárín-gbùngbùn Áfíríkà, aràn mìíràn, Loa loa, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó máa ń rìn kọjá lójú ẹyinjú. Bí aràn yìí bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni, Mectizan lè ṣe é ní jàǹbá tó lágbára. Àwọn onímọ̀ lo àwòrán sátẹ́láìtì láti wá ibi tí igbó tí eṣinṣin tó ń gbé e fẹ́ràn wà, wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ará abúlé bóyá aràn ti kọjá lójú wọn rí, láti mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣọ́ra.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìlà 20 yẹn. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi fa ìlà náà: ibi tí ojú ti ń fọ́ jù ni wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbà là, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ abúlé tí ìdá 12 bá ní kókó, aràn ṣì ń bẹ níbẹ̀, ara wọn ṣì ń yún wọn, kò sì sí oògùn fún wọn. Nísinsìnyí tí wọ́n fẹ́ pa àìsàn náà run pátápátá, wọ́n ń padà sí irú àwọn agbègbè bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ov16. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 lo àwòrán sátẹ́láìtì odò Tógò láti kọ́ kọ̀ǹpútà bí ibi tí amùkúrù ń yé sí ṣe rí, wọ́n sì dán an wò ní Ùgándà. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ibi tí kọ̀ǹpútà tọ́ka sí, ìdin wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé Niger ti bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Àwọn abúlé etí odò tiwa ṣì ń gbé Mectizan mì.