Kí ni àwòṣe 3D? Ẹ jẹ́ ká fi cable car San Francisco ṣàlàyé

Àwòṣe 3D ni ohun tí wọ́n kọ́ sínú kọ̀ǹpútà tòun ti gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀, débi pé èèyàn lè yí i po, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Fọ́tò kò gba irú ìyẹn. Cable car la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn ọkọ̀ èrò orí irin tí wáyà ń fà nílùú San Francisco, ní Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe àwòrán ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú. Àmì kéékèèké ni, nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń mọ àyè rẹ̀. Tí wọ́n bá fi ìlà so àwọn àmì yìí pọ̀, wọ́n á di onígun mẹ́ta kéékèèké tó so kọ́ra bí àwọ̀n apẹja. Mesh ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Pákó ìjókòó tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò gba onígun mẹ́ta púpọ̀. Agogo orí òrùlé ọkọ̀ ńkọ́? Rìbìtì ni, ó ń fẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bí wọ́n bá ṣahun sí i, á rí gánńgán káàkiri. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á wá fi àwọ̀ ọ̀dà àti ojú igi bo mesh náà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ìwọ̀n? Wọ́n lè ya ọ̀pọ̀ fọ́tò yí ọkọ̀ ká kí kọ̀ǹpútà fi wọ́n wéra, tàbí kí wọ́n lo ẹ̀rọ léésà, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tó lọ tó sì padà mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí i tó.

Àmọ́ ìta ọkọ̀ nìkan ni ìwọ̀nyí ń rí, bẹ́ẹ̀ abẹ́ títì ni iṣẹ́ ọkọ̀ yìí wà. Láti ọdún 1873 tí Andrew Hallidie ti gbé èyí àkọ́kọ́ jáde ní Clay Street, cable car kò ní ẹ́ńjìnnì lára. Wáyà irin kan ló ń sáré lábẹ́ títì láìdúró, bíi kìlómítà 15 ní wákàtí kan. Gripman, ìyẹn awakọ̀, á fa ọ̀pá gígùn kan, ẹnu irin tó wà nísàlẹ̀ á gbá wáyà náà mú, ọkọ̀ á sì gbéra. Tó bá fẹ́ dúró, á jù ú sílẹ̀, á tẹ bíréèkì. Pákó wà lára bíréèkì ọ̀hún, tó ń tẹ ojú irin mọ́lẹ̀!

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwòṣe tó péye gbọ́dọ̀ ya ọ̀pá, ẹnu irin àti bíréèkì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ṣẹ́ hàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀, ọ̀pá kò ní mì. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ irú ọkọ̀ tó ń kọ́: ti Powell Street kò ṣeé wà láti ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí i lórí pẹpẹ ní òpin ọ̀nà, ti California Street ṣeé wà láti ìhà méjèèjì.

Tó bá jẹ́ géèmù orí fóònù ni wọ́n fẹ́ lò ó fún, wọ́n á dín onígun mẹ́ta kù kí fóònù má baà fà. Ní tèmi, agogo ni kí wọ́n ti dín in, kí wọ́n fi ẹnu irin yẹn sílẹ̀.