Ẹ Ṣí Sìmẹ́ńtì Yẹn Kúrò Lára Ilé Bàbá Yín

Òjò bẹ̀rẹ̀, ìpè náà sì bẹ̀rẹ̀. "Injiníà, ẹ jọ̀ọ́, ògiri ilé bàbá wa ń lanu." Mo bi wọ́n pé ta ló rẹ́ ilé ọ̀hún kẹ́yìn. Wọ́n dákẹ́. Bíríkìlà kan ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé alámọ̀, ó gbowó, ó lọ.

Mò ń sọ nípa àwọn ilé ilẹ̀ tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè n'Íbàdàn, láti Màpó dé Bẹẹrẹ dé Òkè Àrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí Gbọ̀ngàn Màpó lọ́dún 1929. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé amọ̀ ò lágbára. Àwọn tó mọ ọ́n mọ iṣẹ́: wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e.

Ohun tí amọ̀ ń fẹ́ ni kó lè làágùn. Ó ń fa omi láti ìdí, atẹ́gùn á sì gbà á lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì dì í, ibo ni omi fẹ́ gbà jáde? Inú ni yóò máa rìn sí. Òde á máa dán, inú á máa rọ̀. Ẹ fi ìka kan ògiri náà: bó bá ń dún bí akèǹgbè òfìfo, sìmẹ́ńtì ti dá dúró lọ́tọ̀, amọ̀ ti fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ni mi ò lè fẹnu kúrò lára rẹ̀. Tí mo bá dá a sílẹ̀, wọ́n á ní odò Ògùnpa jìnnà sí àwọn, bíi pé omíyalé ọdún 1980 nìkan ló mọ ilé í wó. Ilé tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn ni ọ̀tá rẹ̀ wà. Páànù ilé òkè ń da omi sí ìdí ògiri ilé ìsàlẹ̀. Ẹ gbẹ́ gọ́tà sẹ́yìn ilé, kó jìnnà díẹ̀ sí ògiri, kó sì dà gẹ̀rẹ́ síta. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa. Ẹ wá wo àwọn tó ń gé etí òrùlé kúrò torí wọ́n fẹ́ párápẹ́ẹ̀tì, ògiri kékeré tó ń bo òrùlé lójú, bí ti Lẹ́kí! Lórí ilé amọ̀! Ẹni tó bá ti rẹ́ sìmẹ́ńtì, kó hó o kúrò, kó fi ògiri sílẹ̀ fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan, kó tó fi amọ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko gbígbẹ rẹ́ ẹ. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Àwọn ẹbí kan pè mí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ògiri ẹ̀yìn ti sán láti òkè délẹ̀. Kí n tó dé, wòlíì ti dé. Ó ní bàbá tí wọ́n sin sí yàrá ìsàlẹ̀ ló ń bínú. Wọ́n pa àgbò. Èmi lọ sẹ́yìn ilé, mo rí i pé omi balùwẹ̀ àwọn ará òkè ń dé ìdí ògiri láàárọ̀ lálẹ́. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà, owó rẹ̀ ò tó ti àgbò. Wọ́n ní àwọn á ronú sí i. Ìròhìn tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé ọmọ wọn kan fi owó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì, wọ́n lẹ táìsì mọ́ ọn.

Òjò ọdún kẹta, ó wó ní ìdájí. Ewúrẹ́ méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyá àgbà ò sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Táìsì yẹn ṣì lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì gírígírí. Amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ẹ̀kọ. Mo dúró níbẹ̀, mi ò tíì sọ̀rọ̀, ni ẹ̀gbọ́n wọn bi mí pé àpò sìmẹ́ńtì mélòó ni yóò tó fún àwọn ògiri tó kù.