Nófà Tó Ṣe Bàìbàì Lójú Wa Kò Tíì Kú

Ibì kan náà ni ìròyìn nófà (“tuntun” ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Látìnì) máa ń parí sí: ìràwọ̀ bú gbàù, ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó ṣe bàìbàì, ó kú. Irọ́ ni ti ìkẹyìn yẹn. Ojú wa ni kò tó o mọ́.

Ẹ wo nófà kan tó ń jẹ́ RS Ophiuchi. Ìràwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Aràrá funfun, ìyẹn ìràwọ̀ kékeré kan tí kò tóbi ju ayé wa lọ ṣùgbọ́n tó wúwo ju oòrùn, ń fa gáàsì lára òmìrán pupa, ìràwọ̀ ńlá tí wọ́n jọ ń yí po. Gáàsì náà ń kó jọ sára aràrá yìí títí yóò fi gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní 1898, 1933, 1958, 1967, 1985, 2006 àti 2021. Ìràwọ̀ tó ti bú tó báyìí, kí ló kù tá a fẹ́ pè ní tuntun níbẹ̀, kí la sì fẹ́ pè ní òkú?

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Keith Geary, ará Ireland tó ń fi ìràwọ̀ wíwò najú, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ figbe ta. Àwọn awò-awọ̀nàjíjìn olówó gọbọi kò lè tẹjú mọ́ gbogbo ọ̀run lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà wọ́n gbára lé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń sanwó fún. Ètò náà dà bí ohun tí kò lè pẹ́, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́.

Bí ìròyìn náà ṣe délé dóko, oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹgbẹ́ onídùndún tó ń bọ̀ lókèèrè. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí dà bí gúdúgúdú: ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ta síni létí. Sátẹ́láìtì Fermi gbọ́ gámà, ìmọ́lẹ̀ alágbára tí ojú kò lè rí. Ní Nàmíbíà, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, àwọn awò H.E.S.S. gbọ́ gámà tó tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí láti ara nófà. Gámà kì í dé ilẹ̀. Ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú afẹ́fẹ́ ayé wa, àwókù rẹ̀ a sì kọ mànà aláwọ̀ búlúù tí kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan tí a dá sí ọ̀nà mílíọ̀nù. Mànà yẹn ni awò náà ń gbá mú. Gámà tó lágbára jù yìí dé góńgó ní nǹkan bí ọjọ́ méjì lẹ́yìn ti Fermi, nítorí kì í ṣe ọjọ́ kan ni ìgbì ìbúgbàù náà, tó ń kọlu gáàsì tí òmìrán pupa ń fẹ́ jáde, ń ti prótọ́ọ̀nù, ìyẹn èérún inú átọ́ọ̀mù, dé irú eré tó ń mú irú gámà bẹ́ẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà òṣùpá mọ́lẹ̀ jù, H.E.S.S. sì ní láti dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Owó tó tó yẹn, òṣùpá lásán ló dá a dúró!

Ìyáàlù, ìyẹn iná tó ń jó lára aràrá náà, ńkọ́? Ẹ̀yìn ògiri ló wà. Gáàsì tó tú jáde nípọn, ó sì bo iná náà. Ooru inú ní láti là á kọjá, ìmọ́lẹ̀ tó tutù díẹ̀, tí ojú lè rí, ló sì ń jáde lóde. Bí gáàsì bá ṣe ń fẹ̀ sí i ló ń fẹ́lẹ́ sí i, a sì ń rí ibi tó jìn sí i, tó gbóná sí i. Ìmọ́lẹ̀ náà á wá ṣí kúrò níbi tí ojú wa mọ̀, á kọjá àwọ̀ àlùkò, á bọ́ sínú ẹ́ksíréè. Lójú wa, ó ń kú lọ. Iná náà fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín rárá.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó bú ni sátẹ́láìtì Swift tó rí ẹ́ksíréè iná náà gan-an. Nígbà yẹn, gúdúgúdú ti ń rọlẹ̀, àwọn tó wá wòran ti ń wọlé lọ. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ìyáàlù tó dákẹ́, òmìrán pupa sì ń da gáàsì sílẹ̀ lọ bó ṣe ń dà á tẹ́lẹ̀.