Ìyá ni o gbe owo naa

Ọmọ kan tí mò ń kọ́ níṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ níbí ní Òṣogbo wọlé lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i: “Iya ni o gbe owo naa.” Ó ní ìyá pe òun lólè. Mo ní kó kà á sókè fún mi lọ́nà mẹ́ta.

“Ìyá ní o gbé owó náà”: ìwọ ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. “Ìyá ní ó gbé owó náà”: ẹlòmíì ni. “Ìyá ni ó gbé owó náà”: ìyá fúnra wọn ló gbé e. Kò sí lẹ́tà tó yí padà níbẹ̀ o, ohùn orí “ni” àti “o” lásán ni. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá ló gbé owó wọn.

Inú gògóńgò ni tán-án-ná wà, iṣan méjì tí èémí máa ń mú gbọ̀n. Bó bá le, ohùn á gòkè. Bó bá dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Bí onígángan ṣe ń fún ọṣán mọ́ abíyá lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun náà nìyẹn. Ti ọkùnrin ń gbọ̀n tó ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti obìnrin tó 200. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lè ga ju ohùn òkè bàbá rẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́ ara wọn yé, torí ṣe ni etí ń fi sílébù kan wé èkejì.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ìparí gbólóhùn sókè lórí rédíò bíi ti Òyìnbó. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ohùn gíga béèrè ọ̀rọ̀. “Ṣé” àti “ǹjẹ́” làwa fi ń béèrè, torí ohùn tiwa ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ gbé ìparí “Ìjọba ra ọkọ̀” sókè, ọkọ́ ni ìjọba rà yẹn. Bínú bá tiẹ̀ ń bí yín, ẹ jẹ́ kí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, jọ gòkè, kí àlàfo àárín wọn má parẹ́.

Kí ẹ tó ka ìròyìn, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi imú kùn ún látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó lè ku ohùn nìkan. Ibi tí ohùn bá ti rú yín lójú, ẹ fi àmì síbẹ̀.