Ọ̀nà wo lẹ ní lọ́kàn?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kọ ìwé àdéhùn ilẹ̀ kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló fẹ́ rà á. Wọ́n ní kí n fi Yorùbá kọ ọ́, kó lè yé Bàbá. Mo kọ ọ́ báyìí: "Olùtà fi ọ̀nà sílẹ̀ fún olùrà láti máa gbà wọlé." Bàbá tẹ̀ka, olùrà fọwọ́ sí i, a mu ẹlẹ́rìndòdò, a túká.

Ní oṣù kẹta, típà yanrìn dé, kò ríbi gbà. Àárín ògiri ilé Bàbá àti ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, bẹ́ẹ̀ típà fẹ̀ tó 8. Inú bí dẹ́rẹ́bà, ó da yanrìn sẹ́bàá títì, òjò sì kó ìdajì rẹ̀ lọ lóru ọjọ́ náà. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Tíṣà, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ ò kọ ọ̀nà?" Bàbá ní, "Ọ̀nà kọ́ rèé? Ibẹ̀ ni mo ti ń gbà láti kékeré." Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Èmi tí mò ń fi èdè jẹun ni mo jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ tí inú rẹ̀ fẹ̀ púpọ̀ ni ọ̀nà. Ibikíbi tí nǹkan bá lè gbà kọjá, ọ̀nà ni. Ibi tí òkèlè ń gbà ni ọ̀nà ọ̀fun, tí àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún alájẹkì pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni ọ̀nà èémí. Bí a ṣe ṣe nǹkan náà, ọ̀nà ni: "Ọ̀nà wo lẹ gbé e gbà?" Ohun tí kò tíì dé ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tó ń wá físà tó wá rí i gbà, ọ̀nà là fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í sọ bí ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kì í sọ ẹni tó ni ín. Tá a bá ń tàkúrọ̀sọ, ìyẹn ò ní nǹkan ṣe. Inú ìwé ló ti ń di ẹjọ́.

Títì kan náà ló jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó wọ Ọ̀yọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà Ọ̀yọ́ là ń pè é. Ẹ dé Ọ̀yọ́ kẹ́ ẹ béèrè ọ̀nà Ọ̀yọ́, wọ́n á kàn máa wò yín ni, torí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ibi tí ọ̀nà ń lọ ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi àdírẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ìlú tẹ́ ẹ wà mọ́ ọn.

Ti àmì ohùn ńkọ́? Ọ̀nà, tí ohùn rẹ̀ méjèèjì lọ sílẹ̀, ni ibi tí à ń gbà. Ọnà, tí ohùn àkọ́kọ́ rẹ̀ wà láàárín, ni iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ń ṣe nǹkan lọ́ṣọ̀ọ́, irú èyí tí àwọn tó ń fín igbá l'Ọ̀yọ́ ń ṣe. Òun ló wà nínú orúkọ bíi Ọlọ́nàdé. Mo rí pátákó kan nígbà kan tí wọ́n kọ ILE ISE ONA sí, mo yà síbẹ̀ pé kí n ra igbá fínfín. Katapílà ni mo bá níbẹ̀. Ẹ tún gbọ́ èyí: ẹni tó dáná ń se ọbẹ̀, ẹni tó dána ń fẹ́ ìyàwó, ẹni tó dánà, ọlọ́pàá ló ń wá a. Nínú ti ìkẹyìn yìí ni ọ̀nà tiwa wà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń lò ní ìgboro kò le. Títì ni èyí tí mọ́tò ń gbà, tí wọ́n ti da ọ̀dà sí tàbí tí wọ́n ń ṣèlérí ọ̀dà fún láti ọdún tó ti pẹ́. Òpópó fẹ̀, ilé sì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Márosẹ̀ ni èyí tó ti ìlú dé ìlú, ẹnu àwọn oníròyìn lẹ ti máa ń gbọ́ ọ jù. Àmọ́ ẹ má ṣe pa àbùjá pọ̀ mọ́ ẹ̀bùrú. Àbùjá kàn gé ìrìn kúrú ni, kò lẹ́bi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Ẹni tó gba ẹ̀bùrú kò fẹ́ kí wọ́n rí òun ni. Tí wọ́n bá ní ọmọ yín gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ iléèwé gíga, ẹ má dúpẹ́.

Nínú ilé gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń kọ́ ló máa ń sọ pé pásééjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan náà ni. Mi ò gbà tán. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé gùn, òrùlé bò ó, ilẹ̀kùn yàrá tò sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì dojú kọ àgbàlá. Àwọn èèyàn ń gbà á kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n ti ń di irun, tí baálé ti ń parí ìjà. Pásééjì ilé fèésì-mi-n-fèésì-ẹ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, yàrá kọjú sí yàrá, sítóòfù àti garawa tò lọ bẹẹrẹ, ẹni tó ń kọjá á máa fẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹ sọ fún ìyá mi pé àlejò rẹ̀ wà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, á béèrè bóyá ẹ fún un ní àga. Ẹ sọ pé pásééjì ló wà, á ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi í síbẹ̀. Ìloro ní tirẹ̀ ni ibi olórùlé tí à ń gbà láti ìta wọ agbo ilé. Kọ̀bì, tó yọ jáde lára ilé, ti ààfin ni. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ilé yàrá méjì. Ẹnu ọ̀nà kọ́ sì ni ilẹ̀kùn o: tí olè bá gbé ilẹ̀kùn lọ, ẹnu ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti ilẹ̀ Bàbá, olùrà ló fowó ara rẹ̀ kọ́ ilé ìdáná míì fún Ìyá níwájú, kí wọ́n tó wó ti ẹ̀yìn. Mo tún ìwé náà kọ, mi ò gba kọ́bọ̀. Mo kọ "ọ̀nà mọ́tò" sí i. Mo kọ pé ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, láti ẹ̀bá títì dé ẹnu ilẹ̀ olùrà, bí sọfíà ṣe yà á. Mo kọ pé Bàbá ṣì ni ó nilẹ̀ ibẹ̀, pé òun àti olùrà ni wọ́n jọ máa gbà á, àti pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan sí i. Ká ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fẹnu kò sí, bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò bá ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀.

Mo kà á fún Bàbá lẹ́ẹ̀mejì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin, ó wá ní, "Tíṣà, fi àwọn ewúrẹ́ mi sí i. Ibẹ̀ làwọn náà ń gbà." Mo fi wọ́n sí i.