Ohun tó ń mú adìyẹ móoru nígbà ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá mú ní Abẹ́òkúta, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí ẹni tó ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé lọ́kàn ni kó fi tapólì dí ilé wọn pa láti òkè délẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òtútù lásán kì í sábà ṣe adìyẹ tó ti dàgbà ní nǹkan kan. Ọ̀rinrin, àti atẹ́gùn tó ń fẹ́ lù ú ní tààrà, ló ń ṣe é lọ́ṣẹ́.

Ara adìyẹ gbóná ju tiwa lọ. Tiwa wà ní nǹkan bí 37 lórí ìwọ̀n Celsius, tirẹ̀ tó 41. Ìyẹ́ ló ń bá a pa ooru yìí mọ́. Lábẹ́ ìyẹ́ tí à ń rí níta ni ìhùùhù wà, òun ló ń há afẹ́fẹ́ mọ́ ara adìyẹ. Afẹ́fẹ́ tí kò ráyè rìn kì í jẹ́ kí ooru jáde. Ìdí nìyẹn tí adìyẹ fi ń wú ìyẹ́ rẹ̀ nígbà òtútù, kí afẹ́fẹ́ tó há mọ́bẹ̀ lè pọ̀ sí i. Àmọ́ bí ìyẹ́ bá rin gbindin, á lẹ̀ mọ́ ara, afẹ́fẹ́ ò ní ríbi dúró sí mọ́, ooru á sì tán lára ẹyẹ náà. Òpìpì àtàwọn tí ọrùn wọn kò níyẹ́, ooru ilẹ̀ wa ló bá wọn lára mu. Àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ máa ṣọ́ nígbà ọyẹ́.

Ẹsẹ̀ ńkọ́, tí kò níyẹ́? Ẹ̀jẹ̀ gbígbóná tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó tutù tó ń gòkè bọ̀ kọjá, á sì gbé ooru rẹ̀ fún un, kó tó dé ìsàlẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ooru á padà sínú ara, kò ní ṣòfò gba ẹsẹ̀ jáde. Lálẹ́, adìyẹ á lóṣòó lé ẹsẹ̀ náà lórí igi tó ń sùn lé, á ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́.

Ní Kánádà, níbi tí omi ti ń di yìnyín, òtútù lè mú kí ṣónṣó ogbe dúdú kó sì kú. Síbẹ̀, àwọn tó mọṣẹ́ níbẹ̀ máa ń fi ihò sílẹ̀ lókè ilé adìyẹ, torí èémí àti ìgbẹ́ wọn ń mú ọ̀rinrin wá, pẹ̀lú òórùn tó ń ta ni nímú, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, apá àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá: ẹ dí ẹ̀gbẹ́ yẹn kó ga ju ibi tí wọ́n ń sùn lọ díẹ̀, kí ẹ fi òkè sílẹ̀. Bí ẹ bá fún wọn lágbàdo nírọ̀lẹ́, bó ṣe ń dà nínú wọn lóru, á máa mú wọn móoru.

Ti òròmọdìyẹ yàtọ̀ pátápátá, torí kò tíì lè dá mú ara rẹ̀ móoru. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó nílò ooru 32 sí 35. Ẹ máa fi nǹkan bí 3 dín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ á fi bò ó. Bí wọ́n bá ṣù jọ sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà tí wọ́n ń lanu, ooru ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń lo ìkòkò èédú, kó má ti fèrèsé pa, torí afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò lóòórùn, ó sì lè pa gbogbo wọn kílẹ̀ tó mọ́.