Bakitéríà inú ẹrẹ̀ tí iná ń gba ara ẹ̀ kọjá: ìbéèrè yín àti ìdáhùn

Ní 2025 ni ìròyìn gbé e pé wọ́n rí irú bakitéríà kan tó jẹ́ tuntun nínú ẹrẹ̀ etí òkun ní Oregon, l'Amẹ́ríkà, pé iná mànàmáná ń gba inú ara ẹ̀ kọjá, àwọn èèyàn sì ń bi mí pé ṣé kì í ṣe irọ́. Kì í ṣe irọ́ o.

Kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an?

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n so mọ́ra lọ gbọọrọ, wọ́n tín-ín-rín ju irun orí lọ dáadáa, síbẹ̀ wọ́n lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Inú ẹrẹ̀ òkun Aarhus ní Denmark ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ irú wọn, 2012 ni ìwádìí ẹ̀ jáde.

Kí ló ń fi iná ṣe?

Oúnjẹ ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ìyẹn gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ọ́síjìn tó fi ń mí sì wà lókè, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn kì í wọnú ẹrẹ̀ ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ á máa jẹun, àwọn tòkè á máa mí fún gbogbo ilé, iná á máa gba àárín wọn gòkè.

Ṣé ó lẹ́sẹ̀ ni, báwo ló ṣe ń rìn?

Kò lẹ́sẹ̀. Ṣe ló ń yọ̀ lọ, tó ń lọ́ ara ẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó sì máa ń lò ju ààbọ̀ wákàtí lọ kó tó rin mìlímítà kan. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé ọ́síjìn ló ń wá kiri, àmọ́ kì í kó gbogbo ara wọnú ẹ̀, ìba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló máa ń nà síbẹ̀, torí àwọn tó wà nínú ọ́síjìn kì í dàgbà, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń dàgbà, tó bá wá rìn kọjá ibi tó yẹ, á pẹ̀yìn dà, ìdí á di orí, á tún máa bọ̀.

Ṣé iná ara ẹ̀ lè gbé èèyàn?

Rárá, iná ara ẹ̀ ti kéré jù.

Ṣé ó ń fa àìsàn?

Rárá, gáàsì inú ẹrẹ̀ ló ń jẹ, kì í ṣe ara èèyàn.

Kí ló wá yẹ ká bẹ̀rù?

Ikú ẹ̀ ni. Ní adágún Grevelingen ní Netherlands, iṣẹ́ ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìpatà irin pọ̀ lójú ẹrẹ̀, ìpatà yẹn ló ń dá gáàsì olóró tó ń rùn yẹn dúró kó má bàa wọnú omi lásìkò ooru, torí tó bá wọlé, ẹja á kú. Bẹ́ẹ̀, wọ́n fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ẹrẹ̀ kọjá nínú ìwádìí 2012 yẹn, àwọn bakitéríà náà gé, iná sì dáwọ́ dúró. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lásán nìyẹn o! Torí náà táwọn kan bá fẹ́ fi ẹ̀rọ gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi níbi tẹ́ ẹ ti ń pẹja, ẹ bi wọ́n ná bóyá wọ́n ti yẹ ẹrẹ̀ ibẹ̀ wò.